Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Omi Gbígbóná Wẹ̀ Ọ́

Ìsẹ́yìn,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Sìdíkátù, Àjọkẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ, pẹ̀lú Yúsúfù ọkọ rẹ, àti pẹ̀lú ẹni kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ọ ní ìhà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n béèrè bóyá gàrí Ìgànná ti jẹ́ kí o gbàgbé ti Ìsẹ́yìn. Mo ní ta ló tún ń rántí gàrí Ìsẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Ló bá ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó bínú wọlé.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Orí fóònù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń parí sí. Ṣùgbọ́n ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lánàá, mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́, mo sì rí i pé kò ṣeé dáhùn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já. Mo fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kí o lè kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí Yúsúfù náà sì lè kà á. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìgànná lọ́sàn-án òní ló máa mú un wá fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí ó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní Ìyá Yúsúfù pè ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi igi ìdáná tí wọ́n ti tò jọ hàn ọ́, pẹ̀lú ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rà tìtorí rẹ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wò ó. Tí o bá ti sọ̀ báyìí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mà á máa fi omi gbígbóná jó ọ. Ikùn ẹ á wọlé, ara ẹ á le koko. Kò sí ìyá ọlọ́mọ kan nínú agboolé yìí tí kò gba ọwọ́ mi kọjá." O rẹ́rìn-ín, o kúnlẹ̀, o dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni o wọ yàrá, o ti ilẹ̀kùn, o wá ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé mi ò lè fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ní àìsàn kankan."

Rárá, ọmọ mi. O kò lè fara dà á. Kì í ṣe pé o kò ní ìfaradà. Tìrẹ pọ̀ ju tèmi lọ, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí omi yẹn máa ṣe nínú ara rẹ kì í ṣe ohun tí ìfaradà lè dá dúró. Ó lè gba èémí rẹ. Mo kọ ọ́ gbangba báyìí kí o má baà rò pé ìyá ló ń ṣàníyàn bí ìyá. Gẹ́gẹ́ bí dókítà tó ti ń tọ́jú àìsàn iṣan láti ìgbà tí o ṣì wà ní jẹ́léósinmi ni mo fi ń sọ ọ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ fi ewé dóńgóyárò se omi fún ọ? O lè má rántí rẹ̀ tán, nítorí ibà wà lára rẹ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé fún ìsinmi. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ooru mú débi pé páànù ilé ń dún pẹ́pẹ́ lọ́sàn-án. Bàbá rẹ ní bí ìyá òun ṣe máa ń lé ibà nìyẹn ní Ṣakí, kí o fi omi náà wẹ̀ bó ṣe gbóná tó, kí ara rẹ lè làágùn. O gbé garawa wọ balùwẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ẹnìkan pe "Mọ́mì" bí ẹni tó ń fimú sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ará ilé kejì ni.

Orí àpótí ni mo bá ọ. Kọ́ọ̀bù ń léfòó lórí omi. Ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí itan rẹ, àgbọ̀n rẹ ti kan àyà, ipénpéjú rẹ sì ti bo ojú débi pé o ní láti gbé orí sẹ́yìn kí o tó lè rí mi. O ní, "Mọ́mì, ọwọ́ mi ò gbé kọ́ọ̀bù." Kò sí igbe nínú ohùn rẹ. Ńṣe lo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣe ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tí mò ń wò kí n tó fọwọ́ kàn ọ́. Èmi àti bàbá rẹ gbé ọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi omi tí kò gbóná rọra nù ọ́, a ṣí gbogbo fèrèsé. Bí ara rẹ ṣe ń tutù ni ojú rẹ ń là. Kí bàbá rẹ tó kírun Àsárì tán, o ti jókòó fúnra rẹ, o sì ń béèrè omi mu.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ibà ti lọ sílẹ̀, ipénpéjú rẹ ṣì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo ránṣẹ́ ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù ní òdìkejì títì. Bàbá rẹ rí mi tí mò ń fọ́ ọ. Ó ní, "Dókítà, ṣé ọmọ mi ti di ẹja ni, tí ẹ fẹ́ fi yìnyín tọ́jú rẹ̀?" Mo fi áńkáṣíìfù wé yìnyín náà, mo gbé e lé ipénpéjú rẹ ọ̀tún, a sì dúró díẹ̀. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ojú ọ̀tún ti là gbàdà, tòsì ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá rẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ gbé e sí ìkejì náà."

Lẹ́yìn ìyẹn ni a lọ sí Ìbàdàn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, tí wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé mayasitíníà ni, àìsàn tó ń mú kí iṣan tètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná garawa kan ló kọ́kọ́ fi í hàn mí. Ohun tí Ìyá Yúsúfù ń múra rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe garawa kan. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, fún obìnrin tí ìrọbí ti mú kí ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbímọ sì ni àìsàn yìí máa ń fẹ́ gbéra sọ jù lọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí ooru fi ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwọ ni wàá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì yé nìkan ló lè sọ ọ́ kó yé ẹlòmíràn.

Fojú inú wo obìnrin kan tó ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Obìnrin náà ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti ọpọlọ. Àgbàdo ni èròjà tí okùn yẹn ń tú sílẹ̀ nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ iṣan. Adìẹ ni àwọn ẹnu kéékèèké tó wà lára iṣan, tó ń gba èròjà náà. Bí adìẹ bá rí àgbàdo tó pọ̀ tó ṣà jẹ, iṣan á ṣiṣẹ́: ipénpéjú á gbéra, ọwọ́ á gbé kọ́ọ̀bù, àyà á fa èémí. Ẹnìkan tún wà níbẹ̀, agbálẹ̀ ni. Gbàrà tí àgbàdo bá balẹ̀ ló ti ń gbá a kúrò, kí ilẹ̀ lè mọ́ de ìgbà tí obìnrin náà bá tún fẹ́ fọ́n òmíràn.

Lára Yúsúfù, adìẹ pọ̀ rẹpẹtẹ, agbálẹ̀ kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lára tìrẹ, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ṣi adìẹ mú fún ọ̀tá. Wọ́n dì wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì pa nínú wọn. Ìwọ̀nba tó kù ní láti sáré ṣà kí agbálẹ̀ tó dé. Ooru wá ń mú kí ọwọ́ agbálẹ̀ yá sí i, ó sì ń mú kí ẹnu àwọn adìẹ tó kù tètè pa dé. Òtútù ń fa agbálẹ̀ lọ́wọ́ sẹ́yìn, àgbàdo á pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀. Àwa oníṣègùn ṣì ń jiyàn lórí bóyá gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tó kàn ọ́ nínú rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Oògùn tí ò ń lò, agbálẹ̀ yẹn náà ló ń dì lọ́wọ́ mú. Nítorí náà, tí o bá lo oògùn tán tí o wá wọ inú omi gbígbóná, ńṣe ni ò ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, tí o ń fi èkejì wó o.

Ipénpéjú ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ nítorí pé kì í sinmi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnu tí ń jẹun, ọ̀nà ọ̀fun tí ń gbé mì, àti ọrùn. Iṣan tó ń fa èémí wà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ohun tí mo kọ lókè.

Mo fẹ́ kí o mọ èyí náà, kí o má baà rò pé Ìyá Yúsúfù kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ooru ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore. Nínú àìsàn iṣan pàápàá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òtútù gan-an ni ọ̀tá wọn. Àgbẹ̀ oníṣu kan máa ń wá láti Kíṣí nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Lásìkò ọyẹ́, tó bá di ọkọ́ mú láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ tú sílẹ̀ mọ́. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi bi ọwọ́ mi ohun tó fẹ́. Mo bọ Lèmọ́mù lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Lèmọ́mù rò pé àdúrà ni mò ń wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ṣe é ṣe é, ó sú wọn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Obìnrin náà ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà. Èmi ni mò ń dáná fún un láràárọ̀ kó tó lè di aṣọ mú." Ó sì tọ̀nà. Iná ni ìwòsàn ọwọ́ yẹn. Tí ọwọ́ náà bá ti yáná, á tú. Tirẹ̀ kì í ṣe àìtó àgbàdo. Iṣan rẹ̀ gba iṣẹ́ tán, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, òtútù ló sì ń mú un burú sí i.

Ṣé o rí i? Ká ní ọmọbìnrin àgbẹ̀ yẹn, tó jogún àìsàn bàbá rẹ̀, ni Yúsúfù fẹ́, bóyá ìkòkò ìyá rẹ̀ ì bá ṣe é lóore. Ìwọ ni wọ́n fẹ́. Ìyá Yúsúfù kò ṣe àṣìṣe kankan nínú ohun tí ojú wọn ti rí. Ìwọ nìkan ni ojú wọn kò tíì rí irú rẹ̀, nítorí pé o kò sọ fún wọn.

Ó kàn mí báyìí láti sọ àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ náà. Mi ò ní kí wọ́n má wẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ọ́! Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílò ọwọ́ ìyá lára rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ nígbà tí mo bí ọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n lò, irú èyí tí wọ́n lè fi wẹ ọmọ jòjòló. Kí o jókòó. Kí ilẹ̀kùn má ṣe wà ní títì. Kí wọ́n wẹ̀ ọ́ láàárọ̀ lẹ́yìn tí oògùn rẹ bá ti ràn ká ara, kí ó má pẹ́. Kò sí pé à ń fi tówẹ̀lì gbígbóná tẹ ikùn, kò sí jíjókòó lórí omi tó ń hó. Ikùn rẹ á wọlé fúnra rẹ̀, mo ti rí ẹgbàágbèje ikùn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ọmọ, tiwọn ni. Kí wọ́n fi òrí pa á, kí wọ́n nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ọmọ náà bá ti ń sunkún dáadáa tó sì ń fa ọmú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ kan tí ìyá wọn ní àìsàn yìí máa ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá bí wọn. Ẹkún wọn á rẹlẹ̀, wọn kò ní lè fa ọmú. Ó máa ń lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà títí ara rẹ̀ fi máa le. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ilé ìwòsàn ńlá tí a jọ fẹnu kò sí ni wàá bí i sí, kì í ṣe ilé.

Ọ̀rọ̀ gàrí. Yúsúfù sọ fún mi, má bínú sí i, pé o máa ń jókòó ti agbada láti bá ìyá rẹ̀ yan gàrí. Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé àwọn obìnrin tó ń yan gàrí máa ń wo ìyàwó tuntun bóyá yóò dìde kí ti òun tó jinná. Ṣùgbọ́n iná níwájú, oòrùn lẹ́yìn, apá tí kò sinmi: mi ò mọ ibi tó tún burú jù ú lọ fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, máa kù ú, máa ta á. Kúrò nídìí iná.

Ibà ńkọ́? Ooru tó ń ti inú jáde burú ju ti ìta lọ, nítorí o kò lè dìde kúrò nídìí rẹ̀. Sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Tí ara rẹ bá gbóná, má ṣe dúró wò ó di ọ̀la, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ewé sínú omi fún ọ, ì báà jẹ́ bàbá rẹ. Lo oògùn ibà tí mo fún ọ, fi omi tí kò tutù jù nu ara, kí o sì pè mí. Kí ẹnikẹ́ni má gún ọ ní abẹ́rẹ́ kankan láìjẹ́ pé o sọ fún un pé, "Mo ní mayasitíníà, àwọn oògùn kan kò gbọ́dọ̀ wọ ara mi." Nínú àwọn oògùn málaríà àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, àwọn kan wà tó ń dá iṣan rẹ dúró. Ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, òun ló léwu jù. Mo ti bá dókítà tó máa gbẹ̀bí rẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n dókítà lè má sí nílé lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ máa wà níbẹ̀.

Ọyẹ́ máa bá ìwọ àti ọmọ nílé. Ara rẹ á fúyẹ́, wàá máa rò pé o ti sàn, wàá fẹ́ ju oògùn sílẹ̀. Má dán an wò. Ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tó ń bá ọyẹ́ wá kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Wọ aṣọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ. Tí wọ́n bá sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí o tó mu ún, ẹnu rẹ kò ní tètè rẹ̀.

Yúsúfù, tí o bá ń ka ibi yìí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní kí ìyàwó rẹ fa èémí kan ṣoṣo, kí ó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sókè títí èémí náà fi máa tán. Wàá mọ ibi tó máa ń dé. Lọ́jọ́ tí kò bá dé ibẹ̀ mọ́, tàbí tí ó ń fi imú sọ̀rọ̀, tàbí tí omi ń bá imú rẹ̀ jáde tó bá ń mu ún, má bi mí, má bi ẹnikẹ́ni. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí o pè mí lójú ọ̀nà.

Àjọkẹ́ mi, gbogbo èyí tí mo ti kọ, o lè ṣe é láàárọ̀ kan. Ibi tó ṣòro fún ọ ni èyí tó kù: kí o sọ fún wọn. Mo mọ ohun tí ò ń bẹ̀rù. Ò ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ pé Yúsúfù lọ fẹ́ aláìsàn, pé àwọn ará ilé á máa wo ọmọ rẹ bí ẹni tó ní àbùkù. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé bàbá rẹ ní Ṣakí, mo ṣe bí ẹni pé mo mọ iyán gún. Ilé ìwé ni mo dàgbà sí, mi ò gún iyán odó kan rí délẹ̀. Mo di ọmọrí odó mú láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gún un fún gbogbo agboolé, mo tún gún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá bàbá rẹ ń na àwo sí mi, mi ò lè gbà á. Wọ́n ní, "Na ọwọ́ ẹ kí n rí i." Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ní ẹnu. Kí ló dé tó jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀?" Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì fi sùúrù kọ́ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n gún.

Mi ò fẹ́ kí ara rẹ lọ bá Ìyá Yúsúfù sọ ohun tó yẹ kí ẹnu rẹ sọ. Rò ó wò. Tí wọ́n bá wẹ̀ ọ́, tí ọrùn rẹ wá rọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí o kò lè mí mọ́, ta ni wọ́n á gbà pé ó pa ọ́? Ara wọn ni. Obìnrin tó to igi jọ tìtorí rẹ kí ọmọ tó dé, o kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i láìmọ̀. Ìwọ ń fi àìsàn pamọ́ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ. Wọ́n ti fẹ́ràn rẹ tán, igi yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀ ní Ìgànná, mà á sì wà pẹ̀lú rẹ títí o fi máa bímọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Tí dókítà bá sọ ọ́ fún wọn, àṣẹ ló máa jọ létí wọn, wọ́n á gbà á tìbínú-tìbínú. Tí ìyàwó wọn bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni. Tí wọ́n bá ní ìbéèrè, ìgbà yẹn ni mà á dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ àna mi. Tí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sunkún. Tí wọ́n bá bínú pé o kò tètè sọ, tọrọ àforíjì, má ṣàlàyé púpọ̀.

Má lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn rẹ máa ń rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ á ti máa pa dé, wọ́n á rò pé ojora ni. Jí lọ́la, kírun, lo oògùn rẹ, dúró kí ó ràn. Jẹ́ kí Yúsúfù jókòó tì ọ́, ṣùgbọ́n kí ó dákẹ́. Kí wọ́n tó dáná gàrí, kí ooru tó mú, kúnlẹ̀ tì wọ́n, kí o sọ pé: "Ìyá, mo fẹ́ kí ọwọ́ yín wẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná lè pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín." Ohùn rẹ á dá ṣáká ní àsìkò yẹn, ojú rẹ á sì là, wọ́n á lè wò ọ́ lójú.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń dúró de ìpè rẹ lọ́la.